Àwòrán X-ray Kì í Purọ́, Ojú Ẹ̀rọ Ni Ó Ń Ṣàárẹ̀

Ìwé kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn láti ọ̀dọ̀ baba kan tí ọmọ rẹ̀ obìnrin jábọ́ lórí ọ̀kadà. Wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn kan, wọ́n ya àwòrán ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ní egungun kò ṣẹ́, wọ́n fún un ní oògùn ìrora, wọ́n ní kí ó máa lọ sílé. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹsàn-án tí ọwọ́ náà kò yé wú, baba gbé sídì tí wọ́n kó àwòrán náà sí, ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Ibẹ̀ ni dókítà ti fi ìka tọ́ka sí ibi tí egungun ti sán. Baba wá bi mí léèrè pé: "Nọ́ọ̀sì, àwòrán kan náà ni o. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó ń purọ́ fún mi?"

Mo ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa kí n tó mú gègé. Ó lè jẹ́ pé dókítà àkọ́kọ́ kánjú. Ó lè jẹ́ pé ìmọ̀ rẹ̀ kò tó ti ìkejì. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ń ṣẹlẹ̀, n kò sì ní bò wọ́n mọ́lẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni a jọ ń ṣe. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, tí àwa òṣìṣẹ́ ìwòsàn pàápàá kì í sábà fi ọkàn sí. Ojú ẹ̀rọ, àní gíláàsì kọ̀ǹpútà tí dókítà fi ń wo àwòrán, a máa darúgbó, a sì máa ṣàárẹ̀ bí ojú ènìyàn ti ń ṣe. Ohun tí ó wà nínú àwòrán kò yí padà, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ tí ó ti ṣàárẹ̀ kò ní lè fi gbogbo rẹ̀ hàn mọ́. Lórí èyí ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lónìí.

Ní dìsípẹ́ńsárì wa, kí ìyá kankan tó gbé ọmọ lé orí ìwọ̀n ní òwúrọ̀, èmi á kọ́kọ́ wò ó bóyá ọwọ́ ìwọ̀n náà wà lórí òdo. Bí kò bá sí níbẹ̀, n ó yí i títí yóò fi débẹ̀. Nígbà tí oṣù bá parí, n ó gbé irin kílò márùn-ún lé e lórí, kí n wò ó bóyá yóò pè é ní márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ń ṣe sí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n kọ́ wa ní èyí ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì débi pé bí mo bá gbàgbé rẹ̀, ara mi kì í balẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ kí n tó mọ̀ pé ojú ẹ̀rọ tí a fi ń wo X-ray pẹ̀lú jẹ́ ìwọ̀n, ìmọ́lẹ̀ ni ó ń wọ̀n fún ojú dókítà, ó sì lè jìn kúrò lórí òdo láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù November ọdún 1895, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ìlú Würzburg ní ilẹ̀ Jámánì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Wilhelm Conrad Röntgen, ṣe alábàápàdé ìtànṣán kan tí ó ń gba inú ẹran ara kọjá. Kò mọ ohun tí ì bá pè é, nítorí náà ó pè é ní X, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣirò ti ń pe ohun tí a kò tí ì mọ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó ti fi ya àwòrán ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, egungun ìka obìnrin náà hàn pẹ̀lú òrùka tí ó fi sọ́wọ́. Ní ọdún 1901 ni wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ físíìsì dá a lọ́lá.

Bí ìtànṣán yìí ti ń kọjá lára, egungun a máa dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró, nítorí náà egungun a hàn ní funfun. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró kì í fi bẹ́ẹ̀ dá a dúró, ìyẹn a hàn ní dúdú. Ẹran ara, ẹ̀jẹ̀, omi àti ọ̀rá wà láàárín méjèèjì, àwọ̀ eérú ni wọ́n máa ń ní, òmíràn eérú tí ó ṣú, òmíràn eérú tí ó mọ́ díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí àwọ̀ eérú yìí, nítorí inú rẹ̀ ni àìsàn máa ń fara pamọ́ sí. Egungun tí ó ṣẹ́ sí méjì kò ṣòro, ọmọdé á rí i. Ṣùgbọ́n egungun tí ó kàn sán bí ìlà irun orí, ikọ́ ife tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní òkè ẹ̀dọ̀fóró, afẹ́fẹ́ tí ó jò sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró tí ó sì ń tì í wọlé, àwọn èérún wínníwínní tí ó máa ń jẹ́ àmì jẹjẹrẹ ọyàn nígbà mìíràn, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn àti ohun tí ó yí wọn ká kéré jọjọ. Eérú lórí eérú ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí wọn nílò ojú tí ó dá ṣáṣá, ó sì nílò ẹ̀rọ tí ojú tirẹ̀ náà dá ṣáṣá.

Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́, fíìmù ni gbogbo wa ń lò. A ó gbé fíìmù kọ́ iwájú àpótí oníná tí ó wà lára ògiri, dókítà á dúró níwájú rẹ̀, á fi ọwọ́ sẹ́yìn, á máa wò ó. Fíìmù ni ó mú àwòrán dání, àpótí kàn ń tàn án láti ẹ̀yìn ni. Bí ọ̀kan nínú iná inú àpótí bá kú, gbogbo ènìyàn ni yóò rí i pé ó kú. Lónìí, àwòrán kì í ṣe ohun tí a lè dì mú mọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn. Nọ́ńbà ni ó jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, ojú ẹ̀rọ ni ó sì ń sọ nọ́ńbà náà di ìmọ́lẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà tí ó wọ́pọ̀ máa ń pín àárín dúdú àti funfun sí ipele 256. Ẹ fojú inú wo àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ó ní ìgbésẹ̀ 256. Bí káfíńtà bá ṣe é dáadáa, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan á ga bákan náà, ẹsẹ̀ rẹ á mọ ìgbà tí o gun ọ̀kan tán tí o bọ́ sí èkejì. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ bá rì sínú ilẹ̀, tí àwọn tí ó wà lókè sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ènìyàn á gun ogún ìgbésẹ̀ láìmọ̀ pé òun gun nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ojú ẹ̀rọ tí ó ti kúrò lórí òṣùwọ̀n. Ogún oríṣi eérú lè wà nínú àwòrán, kí ó fi gbogbo wọn hàn ní dúdú kan ṣoṣo.

Kí ni ó ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀? Iná wà lẹ́yìn gíláàsì náà. Ní ara àwọn ti àtijọ́, gílóòbù tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀ ni, ní ara àwọn ti ìsinsìnyí iná LED ni. Bí iná náà ti ń pẹ́ ní títàn ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Ti LED a máa pẹ́ ju ti ìṣáájú lọ, ṣùgbọ́n òun náà kò ní ṣàì rẹ̀. Àwọn gílóòbù àtijọ́ a tilẹ̀ máa pọ́n díẹ̀díẹ̀, tí funfun á di ìyeyè. Ohun tí ó burú jù nínú rẹ̀ ni pé kì í ṣe ọjọ́ kan ni ó ń ṣẹlẹ̀. Ojú ènìyàn a máa bá ìmọ́lẹ̀ tí ó bá rí ṣe ọ̀rẹ́. Ẹni tí ó ń wọ aṣọ àdìrẹ kan náà lójoojúmọ́ kì í mọ̀ pé aró ti ń ṣá lára rẹ̀, àfi ọjọ́ tí ó bá tẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun. Dókítà tí ó ti ń lo ojú ẹ̀rọ kan láti ọdún mẹ́fà á fi tọkàntọkàn sọ fún yín pé ó ń mọ́lẹ̀ dáadáa. Kì í purọ́, bí ó ti rí lójú rẹ̀ ni ó sọ.

Mo ti rí i rí. Ní ọdún 2016 mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan tí n kò ní dárúkọ. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ó wà ní yàrá dókítà. Òun ni dókítà fi ń wo X-ray, òun náà ni èmi fi ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Fèrèsé ńlá kan wà ní òdìkejì rẹ̀, oòrùn ọ̀sán a máa wọlé tààrà sójú rẹ̀. Kí n bàa lè rí lẹ́tà tí mo ń tẹ̀, èmi gan-an ni mo máa ń yí bọ́tìnnì abẹ́ rẹ̀, n ó yí i títí dúdú yóò fi dú kirikiri tí funfun yóò sì fun gbòò, lẹ́tà á wá ta yọ. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ta ni ì bá rò pé bọ́tìnnì kékeré bẹ́ẹ̀ lè ṣe ènìyàn ní ibi?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá kan tí ó ń ta aṣọ lọ́jà wá sọ́dọ̀ wa. Ikọ́ ti ń bá a fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. A ya X-ray àyà rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ nígbà tí dókítà ń wò ó, mo sì rí i tí ó fi àtẹ́lẹwọ́ ṣíji bo orí ojú ẹ̀rọ nítorí oòrùn, tí ó ń sún mọ́ ọn, tí ó tún ń fà sẹ́yìn. Ó ní, "Màmá, àyà yín mọ́." Ìyá náà dúpẹ́, a fún un ní oògùn ikọ́, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ó padà wá. Mo mọ̀ ọ́n nítorí ohùn rẹ̀ ni, ara rẹ̀ ti gbẹ tán, ìró tí ó ró ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Ó pọn ọmọ ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ náà ń húkọ́.

Dókítà kọ̀wé lé e lọ́wọ́ sí ilé ìwòsàn ńlá, ó sì kó àwòrán àkọ́kọ́ sínú sídì fún un. Èsì tí wọ́n kọ padà sí wa, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní òjìji kan wà ní òkè ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, kì í ṣe nínú àwòrán tuntun tí wọ́n yà níbẹ̀ nìkan, ó wà nínú ti àkọ́kọ́, èyí tí a pè ní mímọ́. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n bá kòkòrò ikọ́ ife níbẹ̀. Ìyá náà lo oògùn fún oṣù mẹ́fà, wọ́n tọ́jú ọmọ náà pẹ̀lú, Ọlọ́run ṣe é, àwọn méjèèjì yè. Ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni ìyá yìí fi ń húkọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù láàárín àwọn oníbàárà, tí ó sì ń tẹ́ ẹní kan náà sùn pẹ̀lú ọmọ ọmọ rẹ̀, nítorí pé àwa ni a sọ fún un pé kò sí nǹkan kan.

Ẹni tí ó ni ilé ìwòsàn náà ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ ìwòsàn. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan dání tí a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀, kò ju ìgò oògùn lọ. Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe yà mí lẹ́nu: ó tan kọ̀ǹpútà, ó fà á tì, ó jókòó. Ó ní iná ẹ̀yìn gíláàsì máa ń fẹ́ nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí kí ó tó gbóná dé ibi tí yóò dúró sí, ẹni tí ó bá wọ̀n ọ́n ṣáájú ìgbà náà, irọ́ ni yóò kọ sílẹ̀. Nígbà tí ó tó, ó mú un wá. Ó wẹ̀yìn, ó ní, "Sista, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹra díẹ̀, aṣọ funfun yín ń tàn sójú ẹ̀rọ." Mo wò ó, òótọ́ ni, mo rí òjìji ara mi nínú gíláàsì, funfun báláú, níbi tí ó yẹ kí ó jẹ́ dúdú. Láti ọdún tí mo ti ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà bí mo bá ń mú káàdì aláìsàn wá, n kò fiyè sí i rí.

Ó wá gbé àwòrán kan sójú ẹ̀rọ. Kì í ṣe àwòrán aláìsàn, àwòrán ìdánwò ni, àpótí dúdú, àpótí eérú àti àpótí funfun tí a tò lẹ́sẹẹsẹ. Nínú àpótí tí ó dú jù lọ, àpótí kékeré kan wà tí ó fi ìdá márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Nínú èyí tí ó fun jù lọ, òmíràn wà tí ó fi ìdá márùn-ún péré ṣú jù ú lọ. Ó ní, "Sista, kí ni ẹ rí nínú dúdú yìí?" Mo ní n kò rí nǹkan kan. "Nínú funfun ńkọ́?" Mo ní funfun ni mo rí. Ó fa kọ́tìnnì sójú fèrèsé, ó yí bọ́tìnnì tí mo ti dàrú padà sí ààyè rẹ̀, àpótí kékeré inú funfun yọ jáde, ti inú dúdú náà sì fara hàn díẹ̀ bí ẹni tí ó wà lẹ́yìn ìkùukùu. Ojú tì mí o. N kò mọ ibi tí n ó wò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀bi bọ́tìnnì nìkan. Nígbà tí ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ wọn ibi tí ó funfun jù lọ, kò tó 100. Kàńdẹ́là ní mítà onígun mẹ́rin kan ni wọ́n fi ń ka ìmọ́lẹ̀ yìí. Ìlànà tí àwọn ẹgbẹ́ dókítà X-ray ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ni pé ojú ẹ̀rọ tí a fi ń pinnu àìsàn gbọ́dọ̀ lè dé 350 ó kéré tán, tí ó bá sì jẹ́ ti àyẹ̀wò ọyàn, 420. Tiwa kì í ṣe ojú ẹ̀rọ ìwòsàn láti ìbẹ̀rẹ̀, ti ọ́fíìsì lásán ni wọ́n rà, ó sì ti lo ọdún pípẹ́. Wọ́n gbé e kúrò ní ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n fi í fún akọ̀wé.

Mo ní láti fi òótọ́ kan kún un kí n má bàa di gbogbo ẹrù ru ojú ẹ̀rọ. Ẹnikẹ́ni tí ikọ́ bá ti bá jà fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yẹ kí a yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, ohun yòówù kí X-ray sọ. Ní ilé ìwòsàn ìjọba, a kì í gba owó àyẹ̀wò ikọ́ ife, a kì í sì í gba owó oògùn rẹ̀. Bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ojú ẹ̀rọ ì bá fọ́ pátápátá, a ì bá ṣì mú àrùn náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ṣàlàyé ohun kan fún mi tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà gbọ́, nítorí ó dùn mọ́ mi. Ojú ènìyàn kì í rí ìyàtọ̀ bákan náà nínú òkùnkùn àti nínú ìmọ́lẹ̀. Bí a bá fi àbẹ́là kan kún ọ̀kan nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn, gbogbo ènìyàn á mọ̀. Bí a bá fi àbẹ́là kan kún ọgọ́rùn-ún tí ó ń jó, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Peter Barten, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, fi ìṣirò sọ bí ojú ti ń rí àwọn ìyàtọ̀ kéékèèké wọ̀nyí. Lórí ìṣirò rẹ̀ ni wọ́n gbé òṣùwọ̀n tí gbogbo àgbáyé ń lò fún ojú ẹ̀rọ ìwòsàn kà, ó wà ní apá kẹrìnlá nínú ìlànà tí wọ́n ń pè ní DICOM, èyí tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993. Ohun tí òṣùwọ̀n náà ń béèrè ni pé kí àtẹ̀gùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ga bákan náà lójú ènìyàn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí àwòrán kan náà sì rí bákan náà ní Ìbàdàn, ní Kútọnu àti ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti 0.05 kàńdẹ́là títí dé 4,000 ni wọ́n ṣírò rẹ̀ dé, wọ́n sì ka ìgbésẹ̀ 1,023 tí ojú lè mọ̀ yàtọ̀ láàárín rẹ̀. Ẹ wá rí i pé títan iná ẹ̀rọ rẹ́kẹrẹ̀kẹ nìkan kò tó.

Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ físíìsì ìwòsàn ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ti ń ṣọ́ ojú ẹ̀rọ wọ̀nyí, wọ́n sì tún tẹ òmíràn ní ọdún 2019. Nínú ti 2005, wọ́n ní ojú ẹ̀rọ tí a fi ń pinnu àìsàn kò gbọdọ̀ fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún yà kúrò lórí òṣùwọ̀n. Ẹni tí ó ń lò ó ni kí ó máa fi àwòrán ìdánwò wò ó lójoojúmọ́, kí òṣìṣẹ́ tí a yàn máa yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣooṣù tàbí ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí onímọ̀ físíìsì sì wọn gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa kò tí ì rí onímọ̀ físíìsì rí. Ṣùgbọ́n wíwò tòwúrọ̀ kò gba owó. Àwòrán ìdánwò náà kì í ṣe títà, ìṣẹ́jú kan péré ni ó ń gbà, nọ́ọ̀sì lè ṣe é. Èmi ti ṣe é. Ní ilé ìwòsàn tí mo ń sọ yìí, a ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, a so gègé mọ́ ọn, a ń kọ ọjọ́ sí i, a ń kọ bóyá a rí àpótí kékeré méjèèjì tàbí a kò rí wọn. Nínú ìwé yẹn ni a ti rí i ní ọdún 2018 pé èyí tí wọ́n rà tuntun náà ti ń fẹ́ yà, kí ẹnikẹ́ni tó fara gbá a.

Àwọn ojú ẹ̀rọ olówó gọbọi kan wà tí wọ́n fi ojú kékeré sí lára láti máa wọn ara wọn. Bí iná wọn bá ti ń rẹ̀, wọ́n á fi agbára kún un fúnra wọn. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n agbára tí wọ́n ń fi kún un náà ní òpin, bí owó tí a tọ́jú sínú kóló, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kóló á gbẹ. Bí irú rẹ̀ bá sọ fún yín pé ó tó àkókò kí a tún òun ṣe, ẹ má kàn tẹ bọ́tìnnì kí ó lè dákẹ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìnùnù ńkọ́? Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi spírítì tàbí Izal nu ojú ẹ̀rọ, ẹ má sì da omi sí i lójú. Aṣọ rírọ̀ tí kò ní fọ́nrán ni kí ẹ fi nù ún nígbà tí a bá ti pa á, bí ó bá nílò omi, aṣọ ni kí ẹ rẹ díẹ̀, kì í ṣe gíláàsì. Ní àkókò ọyẹ́, eruku lè bò ó láàárín ọjọ́ kan, mo sì ti rí ibi tí èékánná eruku di "kókó" nínú ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn títí a fi nù ún kúrò. Ẹ gbé e kúrò níwájú fèrèsé. Bí a kò bá lò ó, ẹ jẹ́ kí ó sùn, kí iná rẹ̀ má bàa jó dànù lásán, ṣùgbọ́n ẹ jí i ṣáájú kí dókítà tó jókòó. Níbi tí wọ́n bá ṣì ń lo àpótí oníná fún fíìmù, bí iná kan bá kú, gbogbo wọn ni kí ẹ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ apá kan á mọ́, apá kan á ṣú, àìsàn kò sì ní gbàṣẹ lọ́wọ́ wa kí ó tó bọ́ sí apá tí ó ṣú.

Ó ku ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìwòsàn. Àṣà kan wà lóde báyìí tí ó ń dẹ́rù bà mí. A ó gbé fíìmù sókè síwájú fèrèsé, a ó fi fóònù yà á, a ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ọmọ àbúrò tí ó jẹ́ dókítà ní òkè òkun, ọmọ náà á wò ó nínú bọ́ọ̀sì, á ní kò sí nǹkan kan. Fóònù ti yí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ padà nígbà tí ó ń yà á, WhatsApp ti fún un pọ̀ kí ó lè rìn kíákíá, gíláàsì fóònù kéré, oòrùn sì ń tàn sí i. Ẹ lè fi béèrè ìmọ̀ràn, n kò ní kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá bí dókítà kò bá sí nítòsí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìdáhùn rẹ̀ jókòó sílé bí ara kò bá yá. Bí ó bá sọ pé òun rí nǹkan, ẹ gbà á gbọ́ kí ẹ sì lọ. Bí ó bá sọ pé òun kò rí nǹkan, ẹ rántí ohun tí ó fi wò ó.

Ẹ máa gba sídì tàbí fíìmù yín dání, tiyín ni. Ẹ má ká fíìmù, ẹ má fi sórí àjà tí oòrùn ń pa, ẹ má tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹní. Bí ẹ bá ń lọ ya tuntun, ẹ mú ti àtijọ́ lọ, nítorí dókítà á fi wé ara wọn. Ẹ béèrè ìwé àbájáde tí dókítà tí ó kọ́ iṣẹ́ àwòrán kíkà fọwọ́ sí. Kì í ṣe àfojúdi. Ẹ lè sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ara kò tí ì yá ọmọ mi, ẹ bá mi fi ojú mìíràn wò ó." Dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú.

Nísinsìnyí, baba tí ó kọ̀wé sí mi. Mi ò sí ní yàrá dókítà àkọ́kọ́, n kò lè sọ ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ìlà tí ó wà lára egungun ọmọ yín wà nínú sídì náà láti ọjọ́ kìíní, bí ti ìyá alásọ yẹn. Ẹ padà lọ sọ fún wọn níbẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, kì í ṣe láti jà, kí wọ́n lè yẹ ẹ̀rọ wọn wò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà gbé ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn bí wọ́n ti so ó fún un, kí ó má fi pọn omi, kí ẹ sì mú un padà ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún un láti tún un yà. Bí ìka rẹ̀ bá tutù, tí ó bá dúdú, tàbí tí ó bá ní òun kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ náà, ẹ gbé e lọ ní òru ọjọ́ yẹn gan-an.